ÀÌRÍ KÌ Í ṢE ÀÌSÍ: Ẹ̀kọ́ Lórí Síkáànù Nídìí Bẹ́ẹ̀dì Aláìsàn Pàjáwìrì

  



Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn bèèrè pé, kí ni ó pa olùkọ́ ilé kéwú pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ dókítà? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi ni ó fà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń bọ̀ láti àsàláátù lórí ọ̀kadà nígbà tí ọkọ̀ kan gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó ń bá wa sọ̀rọ̀. Gbogbo wa wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, a kò rí ẹ̀jẹ̀. A ní Alhamdulillahi. Èmi gan-an wà lára àwọn tí ó ní kí á gbé e lọ sílé, kí á fi òrí pa á lára, kí ó sùn. Arábìnrin kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín wa ni ó yarí, tí ó ní ilé ìwòsàn ni a ó kọ́kọ́ dé.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, dókítà obìnrin kan, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò fi púpọ̀ ju ti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lọ, wọ́ ẹ̀rọ kékeré kan wá sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì. Ó fi jẹ́ẹ̀lì sí ikùn ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e, ó ń wo ojú ẹ̀rọ tí ó dàbí tẹlifíṣọ̀n kékeré. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ó ní òun kò rí nǹkan. Inú wa dùn, bàbá ọmọ náà sì ti dìde pé kí á máa lọ. Dókítà ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì lọ. N kò rí i ni mo sọ, n kò sọ pé kò sí.” Ọ̀rọ̀ náà bí bàbá nínú, ó rò pé owó ni wọ́n tún fẹ́ gbà. Nígbà tí yóò fi tó ìdajì wákàtí, ọkàn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù. Dókítà tún gbé ẹ̀rọ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí ó pè mí: “Àáfà, ẹ wo ilà dúdú yìí.” Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọlọ́ ọmọ náà ti ya. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Ọlọ́hun sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Gbólóhùn dókítà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì gan-an ni. Àwọn onímọ̀ wa ní ìlànà kan pé àìrí nǹkan kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan náà kò sí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tayammum. Ẹni tí ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ tí ó ní kò sí omi, kò tíì wá omi. Ó ní láti wá a ní ibi tí omi máa ń wà kí ó tó fi ọwọ́ kan erùpẹ̀. Ìlànà yìí ni kí á fi ka ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí: ohun tí síkáànù lè fi hàn wá nídìí bẹ́ẹ̀dì ẹni tí wọ́n gbé dé ní pàjáwìrì, àti ohun tí kò lè fi hàn.

OHÙN TÍ ETÍ KÒ GBỌ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ síkáànù mọ́ aboyún nìkan. Bí a bá gbọ́ pé arábìnrin kan lọ ṣe síkáànù, ohun tí a óò bèèrè ni pé akọ ni àbí abo. Ẹ̀rọ kan náà ni à ń sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe ní ẹ̀ka pàjáwìrì.

Ohùn ni ẹ̀rọ náà fi ń ríran, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Bí a bá ju òkúta sínú kànga tí ó jìn, bí ó bá ti pẹ́ tó kí a tó gbọ́ ìró omi ni a fi ń mọ bí kànga náà ti jìn tó. Àdán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóru: ó ń ké, ó ń tẹ́tí sí gbohùngbohùn igbe ara rẹ̀, kì í sì í forí sọ igi. Etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́ ohùn tí ó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí síkáànù ń lò ń gbọ̀n tó ìgbà mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 15. Nínú ọwọ́ ẹ̀rọ, ìyẹn èyí tí dókítà ń gbé lé ara aláìsàn, àwọn ègé kékeré kan wà tí wọ́n máa ń gbọ̀n bí iná mànàmáná bá kàn wọ́n. Bí gbohùngbohùn bá sì padà wá tẹ̀ wọ́n, àwọn náà a mú iná jáde. Ní ọdún 1880 ni Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques ṣàwárí ní ilẹ̀ Faransé pé àwọn òkúta dídán kan máa ń mú iná jáde bí a bá tẹ̀ wọ́n. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 1,540 nínú ẹran ara ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ̀rọ ń ka àsìkò tí gbohùngbohùn fi padà, ó sì ń ya àwòrán ohun tí ohùn náà pàdé lọ́nà.

Nípa àwòrán náà, ẹ kàn mú èyí dání. Omi àti ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ṣàn kì í dá ohùn padà, nítorí náà dúdú ni wọ́n ń hàn. Eegun, àti òkúta inú kíndìnrín, ń dá a padà gidigidi: funfun ni wọ́n, òjìji dúdú sì wà lẹ́yìn wọn. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ohùn kọjá dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi jẹ́ẹ̀lì pa ara, kí afẹ́fẹ́ má baà sí láàárín ọwọ́ ẹ̀rọ àti awọ. Kò sí ìtànṣán bíi ti X-ray nínú rẹ̀ rárá.

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó mú un wọ ilé ìwòsàn ni Ian Donald, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìgbẹ̀bí ní Glasgow, ní Scotland. Ní ọdún 1955 ó kó àwọn kókó tí wọ́n gé kúrò lára àwọn obìnrin sínú ọkọ̀, ó gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ohùn wá ibi tí irin bá ti sán. Ó rí i pé kókó tí ó jẹ́ ẹran líle àti èyí tí ó jẹ́ omi kò dá ohùn padà bákan náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi obìnrin kan hàn án tí àwọn dókítà ti sọ pé jẹjẹrẹ inú ni ó ń ṣe é, pé kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ẹ̀rọ ní àpò omi ńlá ni. Wọ́n ṣí i, wọ́n rí i pé ọ̀dọ̀ ilé ẹyin rẹ̀ ni àpò náà ti yọ; wọ́n gé e kúrò, obìnrin náà sì yè. Ní 1958, Donald, John MacVicar àti ẹnjiníà Tom Brown tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kún inú yàrá. Ní 1999, èyí tí a lè fi ọwọ́ kan gbé ti dé ọjà. Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tí a ń so mọ́ fóònù, tí ọwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kan ṣoṣo lè wo gbogbo ara. Báyìí ni ẹ̀rọ tí aláìsàn ń lọ bá ṣe di ẹ̀rọ tí ó ń wá bá aláìsàn.

IBI MẸ́RIN TÍ Ẹ̀JẸ̀ Ń SÁ PAMỌ́ SÍ

Omi òjò kì í dúró lórí òkè. Kòtò ni ó ń wá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ń dà nínú ikùn ẹni tí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Nítorí náà dókítà kì í wá a káàkiri. Yóò wo abẹ́ ìhà ọ̀tún, láàárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Yóò wo abẹ́ ìhà òsì, ní àyíká ọlọ́. Yóò wo ìsàlẹ̀ ikùn, lẹ́yìn àpò ìtọ̀. Yóò sì gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí abẹ́ eegun igbá àyà láti wo bóyá ẹ̀jẹ̀ ti yí ọkàn ká, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ bá kún inú àpò tí ọkàn wà, ọkàn kò ní ráyè là kí ó lè gba ẹ̀jẹ̀ tí yóò tú jáde. Àwọn dókítà Jámánì àti ti Japan ti ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí ṣáájú kí àwọn ti Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ ní FAST láàárín àwọn ọdún 1990. (Lójú Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn lè mú ààwẹ̀ wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n ìkékúrú orúkọ ni.) Kí ó tó dé, ṣe ni wọ́n máa ń dá ihò sí ikùn aláìsàn, tí wọn yóò da omi sí i, tí wọn yóò tún fà á jáde kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bí dókítà bá rí dúdú, tí ìfúnpá aláìsàn sì ń lọ sílẹ̀, yàrá iṣẹ́ abẹ ni ó kàn, kò sí ìjókòó àpérò mọ́. Bí ìfúnpá rẹ̀ bá dúró dáadáa, wọ́n lè gbé e lọ sí abẹ́ ẹ̀rọ CT kí wọ́n mọ ibi tí ó ti ya gan-an.

Bí kò bá wá rí dúdú ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ní ọdún 1995 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń da omi díẹ̀díẹ̀ sínú ikùn àwọn aláìsàn tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò onítúbú-omi yẹn fún, àwọn tí ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú kò sì mọ iye tí omi náà jẹ́. Kí wọ́n ṣáà sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i láàárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ní ìpíndọ́gba, omi ti di mílílítà 619 kí wọ́n tó rí i. Ẹni kan péré nínú mẹ́wàá ni ó rí i kí ó tó di 400. Ẹ fi ìgò mínírà 50cl wọ̀n ọ́n wò. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Ìwọ̀n ìgò mínírà kan lè ti dà sínú ikùn, kí ojú ẹ̀rọ sì mọ́ kedere. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa nìyẹn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ náà kò tíì pọ̀ tó ohun tí à á rí.

Yàtọ̀ sí èyí, FAST kò mọ ìfun tí ó bẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó bá sì dà sí ẹ̀yìn, lápá ibi tí kíndìnrín wà, lè má hàn sí i. Dúdú pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nígbà gbogbo: ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ lè ní omi nínú ikùn, ìtọ̀ sì lè dà sínú ikùn bí àpò rẹ̀ bá bẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń dáhùn: ǹjẹ́ omi wà níbi tí kò yẹ kí ó wà, tí ó sì ti pọ̀ tó láti rí? Èyí tí ó kù, orí dókítà, ọwọ́ rẹ̀ àti ohun tí aláìsàn bá sọ ni yóò parí rẹ̀. Nítorí náà bí dókítà bá ní òun fẹ́ tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá mú aláìsàn wá, ẹ bá wa rọ àwọn àgbà kí wọ́n ní sùúrù.

Wọ́n tún ń fi í wo àyà. Awẹ́ méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó bo ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ń yọ̀ lórí ara wọn bí a bá ti ń mí. Bí afẹ́fẹ́ bá bọ́ sí àárín wọn nítorí eegun ìhà tí ó gún ẹ̀dọ̀fóró, yíyọ̀ náà kò ní hàn mọ́. Lára ẹni tí ó dùbúlẹ̀, síkáànù ń rí èyí ju X-ray lọ.

Ẹ̀YIN ARÁBÌNRIN, ẸNI YÍN NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN JÙ

Nínú ọgọ́rùn-ún oyún, ọ̀kan tàbí méjì a máa dúró síta ilé ọmọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn a dúró sínú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ. Kò lè dàgbà níbẹ̀. Bí ó bá ya ọ̀nà náà, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sínú ikùn, díẹ̀ ni ó sì lè hàn síta tàbí kí ó má hàn rárá. Obìnrin náà lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún. Inú rírun nísàlẹ̀ ikùn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó ń kán, òòyì, dídákú, nígbà mìíràn èjìká ríro, ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn.

Dókítà yóò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá oyún wà, lẹ́yìn náà yóò gbé ẹ̀rọ lé e. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe akọ tàbí abo, bí kò ṣe pé, ǹjẹ́ mo rí oyún nínú ilé ọmọ? Bí ó bá rí i níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ díẹ̀, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan wà nínú kí òmíràn tún wà níta. Bí ilé ọmọ bá ṣófo, tí dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀, kí wọ́n pe àwọn oníṣẹ́ abẹ kíákíá. Bí ilé ọmọ bá ṣófo tí dúdú kò sì sí, a tún ti padà sí ìlànà wa: oyún náà lè kéré jù láti rí, ó sì lè wà níta. Wọn yóò ní kí ó padà wá lẹ́yìn wákàtí 48 láti tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Kí ó padà lọ o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan láìfi bò. Arábìnrin tí kò tíì lọ́kọ lè máa bẹ̀rù láti sọ òtítọ́ níwájú ìyá rẹ̀ tàbí níwájú wa. Ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, n kò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n sísọ òtítọ́ fún dókítà kì í ṣe kíkéde ẹ̀ṣẹ̀, ìbéèrè dókítà kì í sì í ṣe ẹ̀sùn. Ohun kan náà ni ó ń bi gbogbo obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí oyún. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n, bí dókítà bá ní kí ẹ jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jáde. Ìtìjú ti pa ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ìbá má pa.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọkùnrin tí ó fẹ́ wo obìnrin. Ní ìjókòó kẹjọ Àjọ Fíkíìhì Àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní Brunei ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ tò ó báyìí: dókítà obìnrin Mùsùlùmí ni àkọ́kọ́, bí kò bá sí, obìnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí tí ó ṣeé fọkàn tán, bí kò bá sí, ọkùnrin Mùsùlùmí, bí kò bá sí, ọkùnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Wọ́n ní kí ó má wò ju ibi tí àìsàn béèrè lọ, kí ọkọ, mọ̀hárámù tàbí obìnrin tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé sì wà níbẹ̀. Ìlànà tí ó dára ni, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀sẹ̀ ìlànà náà ni “bí kò bá sí.” Lóru, tí dókítà kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ọkùnrin, tí ìyàwó ẹni sì ń dákú, kò sí nìyẹn. Ọkọ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń ránṣẹ́ wá dókítà obìnrin ní ìlú kejì kò tíì gbọ́ ìlànà náà yé. Ikùn àti ìhà ni FAST nílò. Ẹ fi aṣọ bo ìyókù, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì í, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Nígbà ogun Kòtò, ní ọdún karùn-ún Híjírà, ní inú àgọ́ Rufaydah, obìnrin ará Aslam, ni wọ́n gbé Saʿd ọmọ Muʿādh sí nígbà tí ọfà bà á ní apá. Rubayyiʿ ọmọ Muʿawwidh náà ròyìn bí àwọn obìnrin ṣe ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Ọkùnrin ni àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, obìnrin ni wọ́n, Ànábì sì mọ̀ sí i.

ABẸ́RẸ́ TÍ Ó NÍ OJÚ

Wíwò nìkan kọ́ ni ẹ̀rọ yìí wà fún, ó ń darí abẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dín lára aláìsàn, tí iṣan apá rẹ̀ ti wọlé, ó lè di dandan kí dókítà wá iṣan ńlá inú ọrùn láti gba ibẹ̀ fún un ní omi àti oògùn. Ní àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá a: wọ́n á fọwọ́ kan ibi tí òpó ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn a máa rí i, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò to iṣan bákan náà sí ara gbogbo ènìyàn. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà, ó lè wọ òpó tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tàbí kí ó dá ẹ̀dọ̀fóró lu. Pẹ̀lú síkáànù, dókítà yóò rí ihò dúdú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá rọra tẹ ibẹ̀, ọ̀kan yóò pẹlẹbẹ: ìyẹn ni iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, òun ni à ń wá. Èkejì yóò máa lù, kò sì ní tètè pẹlẹbẹ. Ní 2002, NICE, àjọ tí ó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé síkáànù ni kí wọ́n máa yàn fún iṣan ọrùn yìí.

Ó wúlò fún àwọn tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, tí wọ́n ti gún lápá láti kékeré títí tí iṣan fi ṣòro rí. Ó wúlò láti fa omi inú àyà tàbí ti inú ikùn láìgún ìfun. Bí ojú kan bá wú lára, ó ń fi hàn bóyá ọyún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n là, tàbí wíwú lásán ni.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń ṣe kìlọ̀ nípa ẹ̀tàn kan. Àwòrán náà dàbí ègé búrẹ́dì kan tí a gé. Ohun tí ó bá wà lórí ègé yẹn nìkan ni a ń rí. Dókítà lè rí àmì funfun kan kí ó rò pé ẹnu abẹ́rẹ́ ni, nígbà tí ó jẹ́ pé àárín rẹ̀ ni ó ń wò, tí ẹnu rẹ̀ sì ti kọjá lọ sí ibi tí kò yẹ. Ẹni tí kò bá rí ẹnu abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ tì í síwájú.

TA NI YÓÒ KỌ́ Ọ?

Ẹ̀rọ náà kò ní ọgbọ́n tirẹ̀. ACEP, ẹgbẹ́ àwọn dókítà pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, ti ń gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀ láti 2001, wọ́n sì ní kí ẹni tí ó ń kọ́ ọ ṣe irú àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25 sí 50, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọmọ kéwú, èyí kò ṣàjèjì sí yín. Ẹni tí ó ka ìwé tájúwíìdì láìjókòó níwájú àáfà, gbogbo wa mọ bí ó ṣe ń ké Alùkùráánì. Àfi kí ẹnìkan jókòó tì ọ́, kí ó ní “padà lọ bẹ̀rẹ̀.” Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ fóònù tí kò jókòó níwájú ẹnikẹ́ni léwu ju ẹni tí kò ní ẹ̀rọ rárá lọ, nítorí yóò rí òfo, yóò sì ní kí aláìsàn máa lọ sílé.

Imam Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, ka ìmọ̀ ìṣègùn mọ́ fardu kifaya: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn ìyókù, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo ìlú ni ó jẹ̀bi. Ó ráhùn ní ìgbà tirẹ̀ pé àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ sídìí fíkíìhì, nígbà tí ìlú mìíràn kò ní dókítà Mùsùlùmí kan. Èmi tí mo ń jẹun nídìí kíkọ́ni ní fíkíìhì ni mo ń sọ èyí. Bí àwọn arábìnrin wa tí ó ń ka sáyẹ́ǹsì kò bá lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹ̀tọ́ wo ni àwa ọkùnrin ní láti béèrè dókítà obìnrin lóru?

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ MÁA Ń BÈÈRÈ

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ jẹ́ẹ̀lì síkáànù ń ba àlùwàlá jẹ́?
Ìdáhùn: Rárá. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe nàjísì. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbẹ sí apá tàbí ibòmíràn tí a ń fọ̀ nínú àlùwàlá, kí ẹ nù ún kúrò kí omi lè kan awọ.

Ìbéèrè: Mo ń gba ààwẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe síkáànù fún mi.
Ìdáhùn: Èyí tí wọ́n ń gbé lé ikùn kò kan ààwẹ̀. Ní ti èyí tí wọ́n ń ti ojú ara obìnrin wò, Àjọ Fíkíìhì kan náà, ní ìjókòó kẹwàá ní Jeddah ní 1997, ka irin àyẹ̀wò àti ìka dókítà tí ó bá gba ibẹ̀ mọ́ ohun tí kò ba ààwẹ̀ jẹ́; ojú yẹn ni èmi náà fi ń wo ọwọ́ síkáànù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú, tí dókítà ní kí wọ́n fa omi tàbí ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára, gbà á lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kan ni wàá san padà lẹ́yìn tí ara rẹ bá yá.